Pákó kọnkéré oníhò fún dẹ́kìn ilé ẹ̀kọ́ girama: ibi tó ti dára, ibi tó ti ń fa wàhálà

Nínú gbogbo ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe dẹ́kìn ilé ẹ̀kọ́ girama alájà méjì sí mẹ́rin lóde òní, pákó kọnkéré oníhò, èyí tí àwọn ẹnjiníà ń pè ní hollow-core, ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ kọ́lé kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ó fúyẹ́, ó yá, ó sì lè na gbogbo ìbú kíláàsì kan já láìsí òpó láàárín. Ṣùgbọ́n kì í ṣe dẹ́kìn ni ilé iṣẹ́ ń tà fún yín. Pákó lásán ni. Ohun tó ń sọ ọ́ di dẹ́kìn ni ìjókòó rẹ̀ lórí bíìmù, ródì tó dè é mọ́ ilé, kọnkéré tí wọ́n rọ sí ojú ìpàdé pákó àti pákó, àti èyí tí wọ́n dà lé gbogbo rẹ̀ lórí. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí kì í sábà sí nínú ohun tí wọ́n já sílẹ̀ láti inú ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni níbẹ̀ gan-an ni ilé ti máa ń bàjẹ́.

Ohun tí ẹ ń rà

Fífẹ̀ pákó kan jẹ́ mílímítà 1200. Ìnípọn rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti mílímítà 150, ó ń lọ sí 200, 265, 320, ó sì lè dé 400 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orí ibùsùn irin tó sábà máa ń gùn ju mítà 100 lọ ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n á kọ́kọ́ fa okùn irin le láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, ẹ̀rọ kan á wá máa rìn lórí ibùsùn náà, á máa tẹ kọnkéré tí omi rẹ̀ kò pọ̀ jáde, á sì máa fi ihò sílẹ̀ nínú rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Nígbà tí kọnkéré bá ti le tó, wọ́n á tú okùn sílẹ̀, wọ́n á fi ayùn onídáyámọ́ńdì gé e sí gígùn tí oníbàárà béèrè. Okùn náà fẹ́ sún kì padà, kọnkéré kò sì gbà fún un, nítorí náà ìsàlẹ̀ pákó wà ní fífún pọ̀ títí ayé rẹ̀. Ìfúnpọ̀ yìí ló jẹ́ kí pákó tí kò nípọn púpọ̀ lè gbé ẹrù lórí àlàfo gígùn láìsán.

Okùn mílímítà 9.3 àti 12.5 ló wọ́pọ̀ jù, agbára wọn sì tó 1860 nútọ̀nù lórí mílímítà onígun mẹ́rin kan (N/mm²), nígbà tí ródì tí a ń lò nínú bíìmù wà ní nǹkan bíi 500. Ìpele agbára kọnkéré rẹ̀ kì í sábà rẹlẹ̀ ju èyí tí wọ́n ń pè ní C40/50 lọ. Ní Yúróòpù, EN 1168 ni ìlànà tó ń darí bí wọ́n ṣe ń ṣe é àti bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun kan wà tí ìwé ìpolówó kì í tẹnu mọ́: kò sí ríǹgì kankan nínú pákó yìí, ìyẹn ródì tí wọ́n ń tẹ̀ yí ká nínú bíìmù kí ó má bàa gé. Ẹ̀rọ tó ń rìn lórí ibùsùn kò lè kọjá lára ríǹgì. Nítorí náà, ipá tó ń fẹ́ gé pákó nítòsí ìjókòó, kọnkéré nìkan ló ń dojú kọ ọ́, nínú àwọn ògiri tín-ín-rín tó wà láàárín ihò kan àti èkejì. Bí wọ́n bá gé ògiri yẹn, bí ó bá ti sán tẹ́lẹ̀, tàbí bí ìjókòó bá kúrú, kò sí irin kankan níbẹ̀ tó máa gbà á mú. Pákó lè já lójijì láìfi àmì hàn. Púpọ̀ nínú ìkìlọ̀ tó wà nísàlẹ̀, inú ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n ti jáde.

Ṣé ó lè gbé kíláàsì?

Ẹ jẹ́ ká mú kíláàsì tó fẹ̀ ní mítà 8, tó gùn ní mítà 9, tí pákó 200 (ìyẹn èyí tí ìnípọn rẹ̀ jẹ́ mílímítà 200) sì na mítà 8 náà já. Ìwọ̀n pákó fúnra rẹ̀ tó nǹkan bíi 2.8 kílónútọ̀nù lórí mítà onígun mẹ́rin kan (kN/m²). Ó máa ń yàtọ̀ díẹ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí èkejì. Kọnkéré ìbòrí mílímítà 50 fi 1.25 kún un. Táìlì, sílíìnì àti wáyà iná jẹ́ 0.8. Ògiri kéékèèké tí wọ́n lè fi pín yàrá lọ́jọ́ iwájú jẹ́ 1.0. Gbogbo ẹrù tí kò ní kúrò níbẹ̀ wá di 5.85. Ẹrù akẹ́kọ̀ọ́, àga àti tábìlì jẹ́ 3.0 nínú Eurocode, àkójọ ìlànà ilé kíkọ́ ti Yúróòpù. Bí a bá fi 1.35 sọ èkíní di púpọ̀, tí a fi 1.5 sọ èkejì di púpọ̀ nítorí ààbò, àpapọ̀ wọn jẹ́ 12.4 kN/m². Lórí pákó kan ṣoṣo, ipá ìtẹ̀ (èyí tó ń fẹ́ tẹ pákó) ní àárín jẹ́ nǹkan bíi 119 kNm, ipá gígé ní ìjókòó sì jẹ́ nǹkan bíi 60 kN. Pákó 200 tó ní okùn 12.5 méje sábà máa ń gbé méjèèjì, kò sì ní tán lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá.

Ẹ wá fẹ kíláàsì náà sí mítà 9. Ipá ìtẹ̀ fò sókè sí 151 kNm. Mítà kan péré la fi kún un, ipá fi ohun tó ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ pọ̀ sí i. Níbẹ̀ ni kí ẹni tó ń ya àwòrán ti bọ́ sí pákó 265, kó má ṣe máa ki okùn bọ inú 200 kó tó lè jọ pé ó tó lórí ìwé. Ìwọ̀n kíákíá tí àwọn ẹnjiníà ń lò ni pé kí a pín gígùn pákó sí 40: mítà 8 fún wa ní 200, mítà 10 fún wa ní 250, èyí tó túmọ̀ sí pákó 265 lọ́jà.

Dẹ́kìn tí wọ́n dà lójú ẹsẹ̀, tó na mítà 8 lọ́nà kan ṣoṣo, sábà máa ń nípọn tó 300, ìyẹn 7.5 kN/m². Pákó 200 àti ìbòrí rẹ̀ papọ̀ jẹ́ nǹkan bíi 4. Lórí kíláàsì kan tó jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 72, ìyàtọ̀ náà ju tọ́ọ̀nù 25 lọ. Ẹ fi iye kíláàsì tó wà lórí ìpìlẹ̀ kan náà sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí i pé òpó àti ìpìlẹ̀ ni èrè ọjà yìí ti kọ́kọ́ ń hàn, kì í ṣe dẹ́kìn gan-an. Èrè kejì ni pé kò sí igbó igi ìtì lábẹ́ dẹ́kìn. Ọjọ́ tí wọ́n bá rọ ojú ìpàdé tán tó sì le, oníṣẹ́ iná àti ẹni tó ń rẹ́ ògiri lè wọ ìsàlẹ̀ lọ ṣiṣẹ́.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwòrán ti máa ń ṣì í. Wọ́n á rí i pé ó tóóró, wọ́n á sì rò pé ẹrù rẹ̀ kéré. Òdìkejì rẹ̀ ló rí. Ìlànà ASCE 7 ti Amẹ́ríkà fún kíláàsì ní 1.92 kN/m², ó fún ọ̀dẹ̀dẹ̀ àjà òkè ní 3.83, ó sì fún ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀ ní 4.79. Eurocode dábàá 5.0 fún irú ibi tí èrò ti ń rìn kọjá bẹ́ẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí agogo bá dún, gbogbo ilé ń tú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tí wọ́n ń kó ìwé sí nínú yàrá ìkàwé tún wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ: 7.18 kN/m² nínú ASCE 7. Pákó tó na mítà 8 ní kíláàsì lè má lè ju mítà 6 lọ lábẹ́ pẹpẹ ìwé. Ẹni tó ń ra pákó gbọ́dọ̀ fi àwòrán ìlò yàrá kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́, kó má kàn fi gígùn pákó nìkan ránṣẹ́.

Ìjókòó

Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ ni mílímítà 75 lórí bíìmù kọnkéré tàbí irin, àti 100 lórí ògiri búlọ́ọ̀kù. Ìwọ̀n orí ìwé nìyẹn. Níbi iṣẹ́, bíìmù lè yà ní mílímítà 10, pákó lè kúrú ní mílímítà 10, etí bíìmù sì lè ti bó. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá para pọ̀, 75 lè di 50. Bíìmù tó gba pákó ní ọ̀tún àti òsì nílò fífẹ̀ tó gba ìjókòó méjèèjì, àlàfo àárín wọn tí kọnkéré àti ródì máa wọ̀, àti àyè fún àṣìṣe. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí irú bíìmù bẹ́ẹ̀ má ṣe fẹ̀ ní kéré ju 300 lọ. Bíìmù 225 tí ọ̀pọ̀ ilé ń lò kò tó fún iṣẹ́ yìí. Ìjókòó méjì gba 150, 75 ló kù láàárín, bẹ́ẹ̀ ni àṣìṣe kékeré kan ti jẹ gbogbo àyè tán.

Láàárín pákó àti bíìmù, ẹ fi rọ́bà pẹlẹbẹ tàbí àpòrọ́ sìmẹ́ńtì tútù sí i. Bí pákó bá jókòó gbẹrẹfu lórí kọnkéré gbágungbàgun, orí ojú méjì tàbí mẹ́ta ni gbogbo ẹrù á bọ́ sí, ògiri àárín ihò á sì sán láti ìpẹ̀kun.

Ẹ̀kọ́ ńlá kan wà lórí ìjókòó kúkúrú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjà mìíràn ló ti wá. Ní 31 oṣù kẹjọ ọdún 2023, ìjọba England ní kí ilé ẹ̀kọ́ tó ju 100 lọ ti apá kan tàbí gbogbo ilé wọn pa nítorí RAAC, kọnkéré onífóòmù fífúyẹ́ tí wọ́n fi ṣe òrùlé pẹlẹbẹ ní nǹkan bíi 1950 sí 1990. Ní ọdún 2018, òrùlé irú rẹ̀ kan ti wó ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Kent ní òpin ọ̀sẹ̀, nígbà tí kò sí ọmọ nínú kíláàsì. RAAC kì í ṣe pákó oníhò. Kọnkéré rẹ̀ rọ̀ gan-an, irin inú rẹ̀ sì ń jẹrà bí omi bá wọlé. Ṣùgbọ́n nínú ohun tí àwọn ẹnjiníà kọ́kọ́ ń wọ̀n nígbà àyẹ̀wò ni ìjókòó, èyí tó bá sì kéré ju 75 lọ ni wọ́n ń kà sí ewu tó ga. Nígbà tí ẹnì kan bá sọ pé òun kò fẹ́ pákó nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní England, ẹ fi ìyàtọ̀ yìí hàn án, kí ẹ sì jẹ́ kó wọn ìjókòó tiyín.

Ìdè, ibi tí a kò gbọ́dọ̀ ti dín nǹkan kù

Ní 16 oṣù karùn-ún ọdún 1968, gáàsì bú ní àjà 18 Ronan Point ní London. Ògiri ẹ̀gbẹ́ kan bọ́ síta, dẹ́kìn òkè já lu ti ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo igun ilé alájà 22 náà ṣe wó lulẹ̀, ènìyàn mẹ́rin sì kú. Pánẹ́ẹ̀lì kọnkéré tí wọ́n tò jọ ni ilé náà, ìdè àárín wọn kò sì tó. Ní 7 oṣù kejìlá ọdún 1988, ilẹ̀ mì ní Spitak ní Armenia. Ní 12 oṣù karùn-ún ọdún 2008, ó mì ní Wenchuan ní China, nígbà tó kù díẹ̀ kí aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán lù, tí àwọn ọmọ wà nínú kíláàsì. Ní ibi méjèèjì, wọ́n rí pákó oníhò tó kàn jókòó lórí ògiri tàbí bíìmù láìsí ìdè tó ní láárí, tí wọ́n yọ̀ kúrò lórí ìjókòó wọn, tí wọ́n sì já lé ara wọn. Pákó fúnra wọn ì bá ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i. Kò sí ohun tó mú wọn mọ́ ilé ni. A kò lè sọ èyí ní ohùn pẹ̀lẹ́: ẹni tó bá tẹ́ pákó sórí kíláàsì láìdè é ń fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ ta tẹ́tẹ́.

Eurocode 1 apá 1-7 fi ilé ẹ̀kọ́ tó ju àjà kan lọ, tí kò sì ju 15 lọ, sí ẹgbẹ́ 2b. Ìyẹn ni pé ilé náà gbọ́dọ̀ ní ìdè ìbú àti ìdè òòró, tàbí kí ẹnjiníà fi ìṣirò hàn pé bí òpó kan bá kúrò, ohun tó máa wó kò ní kọjá ààlà tí ìwé náà fi lélẹ̀. Eurocode 2 ní kí ìdè inú dẹ́kìn gba 20 kN lórí mítà kan, ó kéré tán. Lórí pákó tó fẹ̀ ní 1.2, ìyẹn jẹ́ 24 kN. Ródì 12 kan ṣoṣo, tó jẹ́ mílímítà onígun mẹ́rin 113, lè gba 56 kN. Ẹ rí i pé owó ródì kọ́ ni ìṣòro náà. Iṣẹ́ ọwọ́ tó wà nínú fífi í sí ibi tó yẹ ni wọ́n máa ń sá fún.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé: ní ilé iṣẹ́, nígbà tí kọnkéré ṣì tutù, kí wọ́n la orí ihò méjì lára pákó kọ̀ọ̀kan, nǹkan bíi mílímítà 500 sí 600 láti ìpẹ̀kun wọlé. Kí wọ́n fi nǹkan dí inú ihò kí kọnkéré má bàa sàn lọ. Níbi iṣẹ́, ródì 12 á ti inú ihò pákó ọ̀tún kọjá lórí bíìmù bọ́ sínú ihò pákó òsì, lábẹ́ ródì òkè bíìmù tàbí nínú ríǹgì rẹ̀ tó yọ sókè. Lẹ́yìn náà ni kọnkéré á wọ gbogbo rẹ̀. Kọnkéré tó kún ìpẹ̀kun ihò yìí tún ń ran ògiri tín-ín-rín lọ́wọ́ lórí ipá gígé. Ní etí ilé, ródì náà á ká wọ inú bíìmù etí, àwọn ródì gígùn á sì yí gbogbo ilé ká.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n gbàgbé láti la ihò ní ilé iṣẹ́, kí wọ́n wá máa fi òòlù fọ́ ọ níbi iṣẹ́. Òòlù máa ń sán ògiri àárín ihò, níbi tí ipá gígé ti pọ̀ jù gan-an. Bí pákó bá dé láìní ihò lílà, ẹ dá a padà.

Ojú ìpàdé àti ìbòrí

Àlàfo tó wà láàárín pákó méjì ní kòtò lára ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kọnkéré tí wọ́n rọ síbẹ̀ ló ń jẹ́ kí ẹrù orí pákó kan pín dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò rẹ̀. Ẹ gbá erùpẹ̀ kúrò, ẹ fi omi rẹ ẹ́ láìjẹ́ kí omi dúró, ẹ fi kọnkéré C25/30 tí òkúta rẹ̀ kò ju mílímítà 10 lọ rọ ọ́, ẹ sì fi ọ̀pá tẹ̀ ẹ́ wọlé dáadáa. Ẹ má ṣe to búlọ́ọ̀kù sórí dẹ́kìn kí èyí tó le. Ìlà tó ń sán gbọọrọ lára sílíìnì láàárín pákó méjì, ibi tí wọ́n ti fi àpòrọ́ ṣíṣàn lásán kún ojú ìpàdé ni ó ti ń wá lọ́pọ̀ ìgbà.

Ìbòrí ni ohun tí a gbà pé ilé ẹ̀kọ́ kò gbọ́dọ̀ yọ kúrò, àní níbi tí ilẹ̀ kì í ti í mì. Mílímítà 50 níbi tó tín-ín-rín jù, pẹ̀lú àwọ̀n irin 6 tí ojú rẹ̀ jẹ́ 200, ló ń so gbogbo pákó di ara kan tó lè gbé ipá afẹ́fẹ́ dé ògiri tó ń mú ilé dúró. Níbi tí ilẹ̀ ti ń mì, ìṣirò pàtàkì ni èyí. Àwọn ẹnjiníà New Zealand ti ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí bí bíìmù ṣe ń gùn sí i nígbà tí ilé ń fì, tó ń fa ìjókòó kúrò lábẹ́ pákó. Níbẹ̀, àwọ̀n tó máa ń já bí a bá fà á díẹ̀ kò tó, ródì tó lè nà ni kí ẹ lò.

Ohun tó ń gbé wàhálà wọ ìbòrí ni pé pákó kì í tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìfúnpọ̀ okùn máa ń tẹ̀ ẹ́ sókè ní àárín, ó sì lè tó ìdá kan nínú 300 gígùn rẹ̀: mílímítà 27 lórí mítà 8. Bí ìbòrí bá jẹ́ 50 ní àárín, ó ti di 77 ní ìpẹ̀kun. Ní ìpíndọ́gba, ó tó 59. Kíláàsì mítà onígun mẹ́rin 72 tí wọ́n ṣírò kọnkéré 3.6 fún máa gba mítà oníkúúbù 4.25, ẹrù rẹ̀ sì di 1.48 kN/m² dípò 1.25. Ọ̀gá òṣìṣẹ́ tí kò mọ èyí á rí i pé kọnkéré tán kó tó dé ẹnu ọ̀nà, á sì dín ìbòrí kù sí 30 ní àárín kó lè tó. Ibẹ̀ ni táìlì ti máa ń kọ́kọ́ sán. Bí pákó méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kò bá tẹ̀ sókè bákan náà, ẹ fi jáàkì àti dìmú mú wọn bára mu kí ẹ tó rọ ojú ìpàdé.

Bíìmù tó ń rọ̀

Tí pákó bá jókòó lórí bíìmù irin tín-ín-rín tí wọ́n fi pamọ́ sínú ìnípọn dẹ́kìn, bíìmù náà á máa tẹ̀, á sì máa yí ìpẹ̀kun pákó níhà ìbú rẹ̀. Agbára tí pákó fi ń dojú kọ ipá gígé á kéré ju ohun tó wà nínú tábìlì ilé iṣẹ́ lọ, nítorí pé orí ìjókòó líle ni wọ́n ti dán èyí tó wà nínú tábìlì wò. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnjiníà bóyá ó ti yọ ìdínkù yìí. Bí ó bá ní òun ò mọ ohun tí ẹ ń sọ, ẹ wá ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n wá wo iṣẹ́ náà.

Ibi tí kò yẹ kí ẹ ti lò ó

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti yàrá ìwádìí sáyẹ́ǹsì. Páìpù ìdọ̀tí mílímítà 110 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní ìlà kan á gé ògiri àárín ihò àti okùn inú rẹ̀. Ihò kékeré láàárín ihò pákó kò burú. Ihò ńlá nílò irin tó máa gbé pákó tí wọ́n gé kọ́ sára àwọn aládùúgbò rẹ̀, tí wọ́n á sì ṣírò àwọn aládùúgbò náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí irú ihò bẹ́ẹ̀ bá ti pọ̀, ó sàn kí ẹ da dẹ́kìn ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì kó gbogbo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sórí ara wọn láti àjà kan dé èkejì.

Yàrá ijó àti ti eré ìdárayá lórí àjà òkè. Bí a bá ka ìwọ̀n ìbòrí ṣùgbọ́n tí a kò ka líle rẹ̀ mọ́ ọn, pákó 200 tó na mítà 8 ń gbọ̀n ní nǹkan bíi ìgbà 5 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan (5 Hz). BS 6399, ìlànà Britain tí wọ́n ti fi Eurocode rọ́pò ní 2010, béèrè nígbà náà ju 8.4 Hz lọ fún dẹ́kìn tí àwọn ènìyàn ti ń jó tàbí fò papọ̀, bí wọn kò bá fẹ́ ṣírò ìgbọ̀nrìrì náà ní kíkún. Àwọn ọmọ 40 tó ń fò sókè bákan náà lè mú kí kíláàsì ìsàlẹ̀ máa mì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dẹ́kìn kò ní já. Ilẹ̀ ni ibi tó yẹ kí gbọ̀ngàn eré wà. Òrùlé rẹ̀ náà kọjá agbára pákó yìí: pápá bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá sínú apẹ̀rẹ̀ jẹ́ mítà 28 sí 15, pẹ̀lú mítà 2 lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yí ká, ó sì di 32 sí 19. Fún mítà 19, férémù irin tàbí igi àlẹ̀pọ̀ ni kí ẹ lò.

Iná àti ariwo

Okùn tí wọ́n fà le ń pàdánù agbára ní nǹkan bíi 350°C, nígbà tí ródì lásán ń fara dà á dé nǹkan bíi 500°C. Nítorí ìdí èyí, Eurocode 2 fi mílímítà 15 kún ìjìnnà àárín okùn sí ìsàlẹ̀ pákó: 35 fún ìṣẹ́jú 60, 45 fún 90, 55 fún 120. Pákó tí wọ́n tò jọ sí àgbàlá ilé iṣẹ́ fún títà lè jẹ́ ti 60 nìkan. Ẹ kọ iye ìṣẹ́jú tí ẹ fẹ́ sínú ìwé ìbéèrè yín.

Ní ti ariwo, ohùn olùkọ́ kì í sábà gba inú rẹ̀ kọjá, nítorí ó wúwo tó. Ìró àga tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀ ni kò lè dá dúró fúnra rẹ̀. Ẹ fi ohun rírọ̀ sábẹ́ ìpele tó kẹ́yìn lórí ilẹ̀.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá dé

Pákó 200 tó gùn ní mítà 8 wúwo tó tọ́ọ̀nù 2.7; 265 tó gùn ní mítà 9 súnmọ́ tọ́ọ̀nù 4. Ohun tí kéréènì lè gbé nígbà tó bá na apá rẹ̀ dé ibi tó jìnnà jù nínú ilé ni kí ẹ wò, kì í ṣe nọ́ńbà ńlá tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ẹ gbé pákó láti ibi tó wà láàárín mílímítà 300 sí mítà 1 sí ìpẹ̀kun rẹ̀, pẹ̀lú ṣéènì ààbò lábẹ́ rẹ̀. Kò sí irin lókè rẹ̀, nítorí náà bí ẹ bá gbé e láti àárín, orí rẹ̀ á sán. Tí ẹ bá ń tò ó jọ, kí igi tó wà láàárín wọn wà ní òòró kan náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, nítòsí ìpẹ̀kun.

Kí ẹ tó gbà á lọ́wọ́ awakọ̀, ẹ wo ojú ibi tí wọ́n gé. Okùn gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ojú kọnkéré dọ́gba. Bí ó bá ti wọlé ju mílímítà 2 sí 3 lọ, kò dì mọ́ kọnkéré dáadáa. Ẹ fi àmì sí i, ẹ pe ẹnjiníà, ẹ má sì tẹ́ ẹ kó tó fèsì. Ẹ wo bóyá ògiri àárín ihò ti sán. Ẹ tún wo ìsàlẹ̀ bóyá ihò kékeré tí omi máa ń gbà jáde wà ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Òjò máa ń wọ inú pákó nígbà iṣẹ́, omi náà sì lè jókòó síbẹ̀ fún oṣù púpọ̀ kó tó ba sílíìnì jẹ́. Níbi tí òtútù ti ń mú, yóò di yìnyín, yóò sì bẹ́ ìsàlẹ̀ pákó. Ẹ fi wáyà gún ihò wọ̀nyí lẹ́yìn tí ẹ bá rọ ìbòrí tán, nítorí àpòrọ́ máa ń dí wọn.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba ilé, ewu tó kù ni ẹ̀rọ ìlugbẹ́ (drill). Fáànù, púrójẹ́kítọ̀ àti páìpù afẹ́fẹ́ gbogbo wọn fẹ́ rọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ pákó. Ẹ lugbẹ́ sí àárín ihò, níbi tí kọnkéré ti jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 25 sí 40 péré, kí ẹ sì lo bóòtù (bolt) tí wọ́n ṣe fún ibi oníhò. Abẹ́ ògiri àárín ihò ni okùn wà, bí ẹ bá sì gé okùn kan nínú méje, pákó náà ti pàdánù nǹkan bíi ìdá kan nínú méje agbára ìtẹ̀ rẹ̀. Ṣáájú kí sílíìnì tó bo ìsàlẹ̀, kí wọ́n fi ọ̀dà fa ìlà sí ibi tí wọ́n lè lugbẹ́, kí àwòrán pákó pẹ̀lú iye okùn kọ̀ọ̀kan sì wà lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú ilé ẹ̀kọ́ náà, kì í ṣe lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe nìkan.